Orí Keje: Gíga Tí Òpó Mọ̀

Ẹ̀gbà ọwọ́ Mopélọ́lá kọ́kọ́ tutù, ó gbọ̀n díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó yí padà sí àwọ̀ ewé.

Ó dúró gbagidi lórí pèpéle tí wọ́n fi ń wọn kílò ara. Ẹ̀rù ń bà á láti sọ̀ kalẹ̀, ó ń rò ó pé bí òun bá gbé ẹsẹ̀ pẹ́nrẹ́n, àwọ̀ náà lè sá padà. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi ẹ̀gbà yìí sí i lọ́wọ́ lọ́mọ ọdún méjìdínlógún, àwọ̀ ìyeyè ni ó ń bá a jí, òun náà ni ó ń bá a sùn. Ní ọdún tí ó ṣègbéyàwó, ó tilẹ̀ pọ́n fún ìgbà díẹ̀, ọpẹ́lọpẹ́ ààwẹ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n wá gbé e. Ewé kò yà sọ́dọ̀ rẹ̀ rí títí di òwúrọ̀ yìí.

Ládiméjì ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn ìlà funfun tí wọ́n fà sílẹ̀, ó sì rí i. Wọn kì í pariwo nínú Ilé Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, nítorí náà ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Àwọn tí wọ́n tò sẹ́yìn ń wò wọ́n. Inú àwọn kan dùn sí wọn, àwọn kan sì ń wo ẹ̀gbà ọwọ́ tiwọn, wọ́n ń mí kanlẹ̀.

Ẹni tí kò bá gbé Ayétúnṣe rí lè máa wò ó pé kí ni gbogbo èyí, àwọ̀ lásán làsàn. Ṣùgbọ́n ní ìlú yìí, àwọ̀ ni ènìyàn. Pèpéle wà lẹ́nu ọ̀nà ọjà, ó wà ní èbúté, ó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fò ó kọjá. Ẹni ewé á wọlé. Ẹni ìyeyè á dúró kí wọ́n tú àpò rẹ̀ wò bóyá ó gbé dòdò tàbí búrẹ́dì. Ẹni funfun ni ó rù jù, ìjọba á sì ní kí ó wá gba oúnjẹ. Ní ti ẹni pupa, tí wọ́n kà sí ẹni tó sanra jù, ọkọ̀ Ilé Ìdínkù ni yóò wá gbé e, mi ò sì tíì rí ẹni tí ó ti ibẹ̀ bọ̀ tí ó fẹ́ sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Tọkọtaya tí ó bá sì fẹ́ bímọ, ẹ̀gbà àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ewé kí obìnrin náà tó pé ọmọ ọdún márùndínlógójì. Tí ó bá ti pé e, ọ̀rọ̀ bùṣe. Oṣù díẹ̀ ló kù kí Mopélọ́lá pé e.

Bí ó ṣe dé ibi tí ó dé yìí kò dùn-ún sọ. Ẹ̀kọ kan ni ó ń pín sí méjì, á jẹ ìdajì láàárọ̀, á fi ìdajì sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Irun orí rẹ̀ ń já sínú ìyarun. Òtútù ń mú un nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí tí ìyá rẹ̀ sín fún un nígbà ìgbéyàwó, tí ó dúró lé e ní ìbàdí dáadáa nígbà náà, ti ń yọ̀ bọ́ sí itan, òwú ni ó fi so ó mọ́ra. Nígbà tí ìyá náà wá kí i gbẹ̀yìn, ó fọwọ́ kan ìlẹ̀kẹ̀ yẹn láti orí aṣọ, ó sì gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láyé ìgbà tí ìyá yẹn jẹ́ ọmọge, tí ènìyàn bá ti àjò dé, wọ́n á ní, "O mà ti sanra o," inú onítọ̀hún á sì dùn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èébú ni nísinsìnyí. Bí wọ́n ṣe ń kíra wọn pé "Ṣé o ti jẹun?" náà ti kásẹ̀ nílẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá bi ọ́ bẹ́ẹ̀ ní gbangba, bí ẹni ń fura sí ọ ni.

Ohun tí ó wá ń dun Mopélọ́lá jù ni Tèmilójú, obìnrin kan tí wọ́n jọ ń hun àwọ̀n ní ilé iṣẹ́ ẹja. Ara Tèmilójú kún ju tirẹ̀ lọ, kò sì ga tó o. Lójú gbogbo ayé ni ó ti ń jẹ àkàrà gbígbóná, á fi epo ọwọ́ pa ẹsẹ̀, síbẹ̀ ewé ni. Aláfojúdi ènìyàn sì ni. Ìyá ọkọ rẹ̀ lé e jáde nílé nítorí pé ìnàró ni ó máa ń wà tí ó bá ń kí i. Mopélọ́lá a máa wò ó, á ní nínú ara rẹ̀ pé Ọlọ́run ń ṣe ojúsàájú.

Ó sọ̀ kalẹ̀ wàyí, ó sì tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ lọ sídìí tábìlì akọ̀wé. Ọ̀gbẹ́ni Ṣólàru ni wọ́n ń pe akọ̀wé náà, bàbá onírùngbọ̀n funfun kan tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ó kí wọn kú oríire. Ó ní ohun kan péré ló kù, kí wọ́n wo àkọsílẹ̀ àwọn méjèèjì, bí ó bá tọ́, kí wọ́n tẹ àtàǹpàkò sí i, àṣẹ ọmọ á sì wọlé sórí ẹ̀gbà wọn lójú ẹsẹ̀. Ládiméjì ti na ìka tirẹ̀ kí bàbá náà tó sọ̀rọ̀ tán. Ó tẹ̀ ẹ́.

Ojú tábìlì náà tàn, òjìji méjì sì yọ lórí gíláàsì, ti ọkọ àti ti ìyàwó, wọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Òpó, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn gíga, ló ya òjìji wọ̀nyí nígbà tí ó wọ̀n wọ́n. Gíga kò dà bí kílò, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n, lọ́jọ́ tí ènìyàn bá pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, òun ni wọ́n á sì máa lò fún un títí ayé.

Mopélọ́lá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Òjìji tirẹ̀ kò ga ju èjìká ọkọ rẹ̀ lọ. Ó wo Ládiméjì tí ó dúró tì í. Tí àwọn méjèèjì bá kọjú síra wọn, iwájú orí òun a máa kan ìpéǹpéjú rẹ̀. Ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró.

Nọ́ńbà wà nísàlẹ̀ òjìji náà. Kò rí nọ́ńbà ara rẹ̀ rí, nítorí ìjọba sọ pé nọ́ńbà ń da ará ìlú lọ́kàn rú, àwọ̀ nìkan ni wọ́n ń fi hàn wọ́n. Kílò mọ́kànléláàádọ́ta lónìí, ọgọ́ta lọ́dún tí ó ṣègbéyàwó. Gíga mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìnlélógójì.

Ó bi akọ̀wé pé gíga ta nìyí. Akọ̀wé ní tirẹ̀ ni, Òpó kì í ṣe àṣìṣe.

Ó mọ ìṣirò náà. Ó kọ́ ọ nílé ìwé kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀kọ́. Wọ́n á mú kílò ara ẹni, wọ́n á fi gíga ẹni pín in, wọ́n á tún fi gíga kan náà pín in lẹ́ẹ̀kejì. Bí ohun tó kù bá bọ́ sí àárín méjìdínlógún ààbọ̀ sí márùndínlọ́gbọ̀n, ara ẹni dá. Bí ó bá fi gíga orí gíláàsì yìí pín kílò òun, mẹ́rìnlélógún lé díẹ̀ ni, ewé. Ṣùgbọ́n bí a bá fi gíga Ládiméjì tó wà lórí gíláàsì wò ó, òun ga tó mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà àádọ́rin dáadáa. Ó fi ìyẹn pín in. Ó tún un pín, nítorí ó rò pé ebi ló ń da òun láàmú. Kò pé méjìdínlógún. Funfun ni òun. Òun ti rù kọjá ibi tí ó yẹ kí ènìyàn rù dé. Lọ́dún tí kílò òun jẹ́ ọgọ́ta ńkọ́, tí ó ń fi iyọ̀ sínú omi mu dípò oúnjẹ, tí ó ń sunkún lórí pèpéle? Ogún lé díẹ̀ ni ìyẹn. Ara òun dá nígbà náà, kò sí nǹkan kan tí ó ṣe é.

Inú bí i. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fojú sún mọ́ òjìji náà. Orí òjìji náà tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Etí aṣọ rẹ̀ sì fẹ̀ sílẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, bí aṣọ ṣe ń ṣe tí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ bá ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ náà padà wá sí i lọ́kàn. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó Òpó dé láti òkè òkun, ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àwọn ènìyàn, àwọn ìgbìmọ̀ ìlú sì ní kí wọ́n fi ohùn ìyá àgbà kan sí i, kí ara lè tu ọmọ tí ó bá dúró níwájú rẹ̀. Òun wọlé lọ́jọ́ náà, ohùn ìyá àgbà náà sì ní, "Káàbọ̀, ọmọ mi." Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kò lè gbọ́ ìyẹn kí ó dúró bí igi. Eékún òun wálẹ̀, òun ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Ìgbà yẹn gan-an ni iná kọjá lórí òun.

"Mo ń kí i ni," ó sọ.

Akọ̀wé kò gbọ́ ọ yé. Ó tún un sọ, ó fi ìka tọ́ka sí etí aṣọ lórí gíláàsì náà. Ó ní gbogbo ọmọbìnrin tí ó mọ̀ ọ́n kí ní ìlú yìí ni Òpó ti sọ di kúkúrú. Àwọn aláfojúdi nìkan ni ó rí bí wọ́n ṣe ga. Ní ti ọkùnrin tí ó bá dọ̀bálẹ̀, iná kò ní rí orí rẹ̀ rárá títí yóò fi dìde.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣólàru wo òjìji náà pẹ́. Ó tẹ nǹkan lórí tábìlì, òjìji obìnrin mìíràn yọ, ó tún tẹ̀ ẹ́, òmíràn yọ. Orí wọn tẹ̀, aṣọ wọn fẹ̀. Ó pa gíláàsì náà. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ọ̀rọ̀ kan wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ.

"Ìyàwó tèmi náà mọ̀ ọ́n kúnlẹ̀. Ọdún kẹta rẹ̀ rèé ní Ilé Ìdínkù."

Ládiméjì ni ó kọ́kọ́ mira. Ènìyàn dáadáa ni Ládiméjì, kí ẹ má ṣì í gbọ́. Ó kàn jẹ́ pé ọmọ ti jẹ ọkàn rẹ̀ tán, ó sì ti rí ohun tí ó ń wá níwájú rẹ̀, ó kù kí a tẹ ìka.

"Àwẹ̀ró," ó fi oríkì rẹ̀ pè é, "tẹ ìka rẹ, jọ̀ọ́. Tí a bá délé, a ó bínú sí wọn. Ní báyìí, tẹ ìka rẹ."

Ó dá ọkọ rẹ̀ lóhùn pé bí òun bá tẹ̀ ẹ́, òun ti gbà pé gíga òun nìyẹn, òun gbọ́dọ̀ dúró lórí kílò yìí títí oyún á fi dé, nítorí wọ́n á máa wọn òun lóṣooṣù. Ládiméjì ní ìyẹn kò ṣòro, ṣebí ó ti ṣe é. Nígbà náà ni Mopélọ́lá sọ ohun tí ó ti ń gbé mì láti ọjọ́ yìí wá.

"Oyún wo ni yóò dé? Mi ò rí nǹkan oṣù mi láti ìgbà ọyẹ́."

Ojú Ládiméjì rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní ìyàwó òun kò sọ fún òun. Mopélọ́lá dá a lóhùn pé bí ara òun ṣe ń rù ni ọkọ òun ń yọ̀, òun kò sì fẹ́ ba ayọ̀ náà jẹ́. Òótọ́ ni, ó sì dun àwọn méjèèjì.

Akọ̀wé wá là á yé wọn. Òfin fàyè gbà á pé kí ènìyàn tún gíga rẹ̀ wọ̀n, ẹ̀ẹ̀kan péré láyé. Ohun tí ó bá jáde níbẹ̀ kò ní ṣeé yí padà mọ́ títí ikú. Ẹni tí ó bá sì béèrè fún un, àṣẹ tí ó wà nílẹ̀ á parẹ́. Mopélọ́lá ti ń ṣe ìṣirò kí ó tó dákẹ́. Bí òun bá dúró ṣánṣán, funfun ni òun yóò jẹ́ lónìí. Ṣùgbọ́n ẹni funfun ni ìjọba ń bọ́. Kílò mẹ́ta péré ni yóò gbé òun padà sí ewé, ewé tòótọ́. Oṣù díẹ̀ tí ó kù yẹn á tó o. Ara òun á rántí iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó ṣe ń rò ó ni iyán gbígbóná àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí dúró níwájú rẹ̀, itọ́ sì kún ẹnu rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi tì í.

Ó wo ọkọ rẹ̀. Ládiméjì wo àtàǹpàkò tirẹ̀ tí ó ti tẹ̀ sílẹ̀, ó sì ká a sínú ìkúùkù.

"Lọ," ó ní. "Mo dúró síbí."

Akọ̀wé mú un dé ẹnu ọ̀nà yàrá Òpó. Gíláàsì ni ògiri yàrá náà, kò sì sí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí àwọn tí wọ́n tò sórí ìlà kì í rí. Kí ó tó ṣílẹ̀kùn fún un, bàbá náà tẹ̀ sí i létí.

"Ohun kan ni kí ẹ rántí. Ẹ má kí i."

Ó wọlé. Ilẹ̀ yàrá náà tutù lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Òpó dúró láàárín, ó funfun, ó ga dé àjà, òrùka iná sì wà lókè rẹ̀ tí kò tíì tàn. Mopélọ́lá dúró síbi tí wọ́n ya ẹsẹ̀ sí. Ó na ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbé orí sókè, ó di ìka ọwọ́ mọ́ aṣọ.

"Káàbọ̀, ọmọ mi."

Ohùn náà kò darúgbó sí i. Eékún rẹ̀ mì láìgbàṣẹ, ó sì fi agbára dá a dúró, ó ń rántí Tèmilójú àti epo ọwọ́ rẹ̀. Ó gbọ́ ìkùnsínú àwọn tí ó wà lẹ́yìn gíláàsì. Obìnrin kan ń béèrè pé irú ọmọ wo nìyí, tí Màmá ń kí tí kò dáhùn. Ojú ń tì í, bí ìgbà tí a bá bọ́ ẹni sí ìhòòhò. Òpó dúró díẹ̀, ó sì tún un sọ, ohùn rẹ̀ kò le sí i, kò sì dẹ̀ sí i.

"Káàbọ̀, ọmọ mi."

"Ẹ ṣé, mà," ó fi ẹnu lásán sọ. Kò bẹ̀rẹ̀.

Òrùka iná náà tàn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ láti àjà, díẹ̀díẹ̀, láìkánjú. Mopélọ́lá gbójú sókè wò ó. Ó ku apá kan kí ó dé orí rẹ̀. Ó ń sọ fún eékún rẹ̀ pé kí ó dúró, kí ó sáà dúró, kò ní pẹ́ mọ́. Ọmọ tí òun kò tíì lóyún rẹ̀ wà lábẹ́ iná yẹn, oúnjẹ wà lábẹ́ rẹ̀, oorun àsùnjẹ́ẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Kò sí ohun tí ó fẹ́ láyé rẹ̀ rí tó èyí.

Ẹnikẹ́ni kò ránni létí pé Òpó a máa bá ènìyàn sọ̀rọ̀ títí iná á fi sọ̀. Àwọn tí ó ṣe é ló fi bẹ́ẹ̀ sí i, kí ẹ̀rù má baà ba ọmọ. Ó ń mọ bí àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni ṣe tutù sí, ó ń mọ bí ọkàn ẹni ṣe ń lù.

"Ẹsẹ̀ rẹ mà tutù, ọmọ mi," ohùn náà sọ. "Ṣé o ti jẹun?"

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi í bẹ́ẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò bi í, kò gbọdọ̀ bi í. Ìyá tí ó bí i lọ́mọ fọwọ́ kan ìlẹ̀kẹ̀, ó sì gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mopélọ́lá fẹ́ pa ẹnu mọ́, ó mọ ohun tí Òpó jẹ́, ó mọ̀ pé ẹ̀rọ ni, pé kò ní ìkòkò lórí iná níbì kankan. Síbẹ̀ omi ti bọ́ lójú rẹ̀.

"Rárá, mà," ó ní. "Mi ò tíì jẹun."

Eékún rẹ̀ méjèèjì sì kanlẹ̀.

Kò mọ ìgbà tí ó ṣe é. Ó kúnlẹ̀ níbẹ̀, ó tẹrí ba, ó ń sunkún bí ọmọ tí ó sọnù lọ́jà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Lẹ́yìn gíláàsì, obìnrin tí ó ń kùn lẹ́ẹ̀kan ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ó ti ń ṣe bí ọmọ gidi báyìí." Ládiméjì ń fi ọwọ́ lu gíláàsì náà, ó ń pe orúkọ ìyàwó rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹkún kò jẹ́ kí ó gbọ́.

Iná sọ̀ títí, ó wá orí rẹ̀ dé ibi tí orí rẹ̀ wà. Ó dúró síbẹ̀, ó sì kú.

Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ tutù, ó gbọ̀n díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó pọ́n.

"O káre, ọmọ mi," ohùn ìyá àgbà náà sọ pẹ̀lẹ́. "Dìde."

Ṣùgbọ́n ó ti wọ̀n ọ́n tán.